Ògiri Tí Kò Ní Àkọlé

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ní agbègbè Ọ̀tà, kò sí apá iṣẹ́ tíṣà tí mo fẹ́ràn tó kí n kó ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì. Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń kó wọn lọ, èmi náà sì kó wọn débẹ̀: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú, etí òkun. Ọmọ tó bá fọwọ́ gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wò kò ní gbàgbé bó ṣe wúwo. Ṣùgbọ́n ibi tí mo kà sí pàtàkì jù fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé láyé ìsinsìnyí kò ní ohun tí ọwọ́ lè gbé. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Yabatech ní Yaba, l'Ékòó, ni. Bí a bá débẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Sà, èwo gan-an ni ká wò?"

Màá ní kí wọ́n jókòó síbi tí ibòji bá wà ná. Kí ọgbà yẹn tó di ti Yabatech, ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba Higher College wà. E. R. J. Hussey, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba amúnisìn, ló dá àbá rẹ̀ ní 1930; wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1932, Gómìnà Donald Cameron sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní oṣù Kìn-ín-ní 1934. Iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí inú ìlú dùn, àbí? Inú ìlú kò dùn. Ìwé ẹ̀rí Yaba kì í ṣe dìgírì; ní Nàìjíríà nìkan ló ti níyì. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ yóò jáde, wọn yóò ní olùrànlọ́wọ́ dókítà ni, abẹ́ òyìnbó ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní sún mọ́ ti òyìnbó. Àwọn baba wa ní bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n àdán wà nínú àgò ìjọba lọ́jọ́ náà. Òòbẹ̀ ni wọ́n dìídì yàn fún wa.

Ọmọkùnrin kan bi mí nígbà kan bóyá ńṣe ni wọ́n lé àwọn ọmọ Nàìjíríà kúrò nílé-ìwé bí wọ́n ti lé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Mo ní rárá o. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n ní ẹ káàbọ̀, wọ́n wá fi àjà ilé náà sí ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ga kò lè nàró nínú rẹ̀.

Ọdún tí Cameron ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti fi ta ko irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lagos Youth Movement ni wọ́n pè é, òun náà ló wá di Nigerian Youth Movement ní 1936. Ernest Ikoli oníwèé-ìròyìn wà níbẹ̀, H. O. Davies wà níbẹ̀, Samuel Akinsanya tó padà jẹ Ọdẹ́mọ Ìṣarà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń pẹ́ lórí ìtàn rẹ̀ ni Dókítà James Churchill Vaughan. Ó wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí King's College ní 1909, ó sì kọ́ ìṣègùn ní Glasgow. Ó mọ ohun tí dókítà gidi ń kọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi tàbí-ṣùgbọ́n tàn án jẹ nípa ti Yaba.

Ìlú Camden ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí bàbá bàbá rẹ̀ ní 1828. Ní 1834 ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Ọmọ náà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n dúdú ni, ó sì dàgbà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tó géńdé, ó bá ọkọ̀ òkun lọ sí Làìbéríà, láti ibẹ̀ ló ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó gbé Ìjàyè, ó gbé Abẹ́òkúta, ó sì parí ayé rẹ̀ sí Èkó. Ẹ wo bí ayé ti ń yí. Ọkùnrin kan sá fún ògiri ní South Carolina, ọmọ ọmọ rẹ̀ bá òmíràn pàdé ní Yaba. Bí mo bá sọ ìtàn yìí tán, ìbéèrè nípa èwo ni ká wò máa ń dópin.

Ọmọ mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló mú mi dé Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ibi ìrántí tí wọ́n sọ lórúkọ ẹjọ́ Brown wà níbẹ̀, nínú ilé-ẹ̀kọ́ Monroe, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ dúdú nígbà náà. Nínú ẹjọ́ náà, ní 17 oṣù Karùn-ún 1954, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ìjọba kò gbọdọ̀ ya ọmọ sọ́tọ̀ nílé-ìwé nítorí àwọ̀ mọ́. Thurgood Marshall ló léwájú àwọn agbẹjọ́rò. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún gééré ni wọ́n ṣí ilé náà sílẹ̀ fún àlejò.

Mo ti múra láti rí ahéré kan tó ń jò. Ilé bíríkì alájà méjì ni mo bá, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, àwọn tíṣà dúdú tó kọ́ ọmọ nínú rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́. Bí ẹ bá gbé ilé náà wá sí Sángo ní Ọ̀tà lónìí, àwọn òbí yóò sùn sẹ́nu géètì rẹ̀ láti gba fọ́ọ̀mù. Àwọn adájọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, bí ilé méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba, bí tíṣà bá dọ́gba, bí ìwé bá dọ́gba, kí a ṣáà ti kó ọmọ kan lọ sápá kan kí a ní ibẹ̀ ló yẹ ẹ́, ó ti tó láti ba ọkàn ọmọ náà jẹ́. Mo jókòó pẹ́ lórí àga onígi inú kíláàsì yẹn. Ọ̀rọ̀ Yaba, àìtó ni. Ọ̀rọ̀ Topeka jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun gan-an ló sì bá Ọ̀tà wí.

Ní Topeka, òfin ló mọ ògiri, òfin náà ló wó o, àkọlé wà lára rẹ̀, ènìyàn lè nàka sí i. Èyí tó wà nílẹ̀ wa kò ní àkọlé. Bí ó bá jẹ́ òyìnbó ló mọ ọ́n, a mọ bí a ti í pariwo. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú gbóná débi pé Gómìnà Richards ní láti pàṣẹ pé kí irú rẹ̀ má ṣe wáyé mọ́. Èyí tí àwa fúnra wa bá wọn mọ, tàbí tí a mọ fúnra wa, a kì í rí i bí ògiri. A máa ń fi orúkọ tó dùn pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀sìn. Àwọn ìjọ ló kọ́kọ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n yóò kọ́ katikísìmù, yóò máa lọ sí ìsìn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì fún lórúkọ mìíràn. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ń gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí kò wo ilé wọn rí.

Mo ti ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ kan wò, ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, kòkòrò ti jẹ etí ìwé náà. Wọ́n fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, orúkọ, iṣẹ́ bàbá, ẹ̀sìn. Lórí ìlà kan, wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ tí a mọ̀ mọ́ ọmọ Ìmàle. Yíǹkì búlúù fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀, ó fi orúkọ inú Bíbélì sókè rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì mọ́ nigínnigín. Lábẹ́ iṣẹ́ bàbá, alápatà ni wọ́n kọ. Wọn kò fọwọ́ kan ìyẹn.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Ọ̀tà sọ tirẹ̀ fún mi. Ilé-ìwé fún un lórúkọ kan, ilé kéwú ní òmíràn, ìyá rẹ̀ sì ní èyí tó ń fi kì í. Kò ka ìyẹn sí nǹkan títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà náà ni orúkọ tó wà lórí sáfíkéètì kò bá èyí tó ń jẹ́ nílùú mu, ó sì di pé arúgbó ní láti lọ búra ní kóòtù pé ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni òun. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìjà tí àwọn Mùsùlùmí jà sí èyí kò ní ìwọ́de, bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í kà á sí ìjà. Ilé-ìwé ni wọ́n ń dá sílẹ̀. Ní 1896, nígbà Gómìnà Carter, ìjọba ṣí ilé-ìwé kan fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ lé e ní 1898, ti Àgbádárìgì ní 1899. Àwọn Àmádíyà ṣí tiwọn ní Èkó ní 1922. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, ilé-ìwé ẹgbẹ́ náà sì tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé Ọ̀tà wa níbí. Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ: a gba ọmọ Mùsùlùmí lọ́wọ́ orúkọ àlejò, ṣùgbọ́n ó di pé àwọn ọmọ kan ń lọ sí tìhín, àwọn kan ń lọ sí tọ̀hún. A jàǹfààní, ògiri sì ṣì dúró.

Ẹni tó wá gbìyànjú láti wó o jáde láti inú ọgbà Yaba gan-an. Stephen Oluwole Awokoya, ọmọ Àwà-Ìjẹ̀bú, kọ́ ẹ̀kọ́ ní Yaba Higher College. Òun ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé aṣòfin ní 1952, nígbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀. Adégòkè Adélabú náà wọ Yaba ní 1936, kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníṣòwò UAC. Òun ni ó dìde ní Ìbàdàn tó ń bá Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ àti Awokoya, jà. Mo fẹ́ràn láti fi àwọn méjèèjì han ọmọ papọ̀, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ kúrò, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìjọba bu owó lé owó orí kí wọ́n lè rí owó ètò náà. Àwọn àgbẹ̀ fárí gá. Bí ẹ bá rò ó, wọ́n jàre: ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ roko ni ìjọba fẹ́ gbà, owó ni wọ́n tún ń bèèrè lé e. Àwọn alátakò Action Group mú ẹjọ́ owó orí yìí lọ síta, nígbà tí wọ́n sì dìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, NCNC, ẹgbẹ́ Adélabú, na Action Group nílé rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òwe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, àwọn òṣèlú san owó òwe náà lápò ara wọn, wọn kò sì yẹsẹ̀. Ní 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Oṣù mẹ́jọ gééré ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ Topeka. Nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní 1955 wọ́n ju 811,000 lọ. Wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Àwọn tíṣà kò tó, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìwọ̀fà àná àti ọmọ ìjòyè jọ pín bẹ́ǹṣì.

Àǹfààní yẹn kan ìran tèmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ máníjà ilé iṣẹ́ àti ọmọ ẹni tí ń gbálẹ̀ ibẹ̀ lè wà ní kíláàsì mi kan náà, tí n kò sì ní mọ èwo ni èwo títí di ọjọ́ ìpàdé òbí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. A kò rí i nígbà tó ń lanu. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 tí wọ́n ń pè ní SAP, owó náírà wó, owó oṣù tíṣà di ohun tí kò lè gbé oṣù dé ìdajì, àwọn tó lè lọ sì lọ. Ilé-ìwé àdáni hù káàkiri Sángo, Ojú-Ọrẹ, Ìjú àti Atan. Mi ò bú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí ìjọba ti gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo bá dúró lábẹ́ bíríìjì Sángo ní àárọ̀, mo lè fi àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù mọ iye tí bàbá ọmọ kan ń gbà. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Àwa òbí là ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún.

Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní ẹ̀skọ́ṣọ̀n, náà ti bá a lọ. Ọgbà ìṣeré àti ibi ìwẹ̀dò ni wọ́n ń kó wọn lọ báyìí, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bísíkíìtì. Ìgbà tí wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2007 ló burú jù. Ó di 2018 kí ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà, ìran kan sì ti kọjá láàárín. Mo bá ilé-ìwé àdáni kan lọ sí ilé iṣẹ́ kan nígbà kan. A ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tí páálí ń gbà kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ dé fìlà ọ̀rá, wọ́n ń to páálí. Ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹnu kàn dákẹ́, ó sì bọ́ sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń to páálí. Ọkùnrin náà rí i. Ó yíjú sí páálí, ó ń tò ó lọ. Ṣíìfù òru àti ọ̀sán ni ọkùnrin yẹn fi ń san owó ilé-ìwé tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ láti sá fún un. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo pinnu pé ibi tí a ń lọ kò ṣe pàtàkì tó àwọn tí a jọ ń lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni pé mo ń so ilé-ìwé pọ̀: ọmọ ilé-ìwé ìjọba kan, ọmọ ilé-ìwé àdáni kan, kí wọ́n jọ lọ sí Yaba. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń na Ìjòkó sí Ìddó, ó rọrùn. Ìjòkó la ti ń wọ̀ ọ́, ó ń gba Agbado àti Agége kọjá, a sì ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Yaba. Kò sẹ́ni tó lè yan ẹni tí yóò jókòó tì í nínú ọkọ̀ yẹn. Àwọn alágbàtà ẹ̀fọ́, àwọn tó ń ti ṣíìfù òru bọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé méjèèjì, gbogbo wọn ń fún ara wọn pọ̀. Kí a tó dé Agége, wọ́n ti ń pààrọ̀ gúgúrú.

Bọ́ọ̀sì ni a ń háyà báyìí, wàhálà sì pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n ejò wa ní òun mọ̀, ó sì ní kí a bá òun wá bọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Onílé-ìwé kan gbà láti bá mi lọ ní táàmù tó ń bọ̀. Ọmọlúàbí ni, ó sì fẹ́ràn ìtàn. Ó bu ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Àwọn òbí tèmi kò ní gbà kí ọmọ wọn bá àwọn ọmọ yẹn jókòó pọ̀ fún wákàtí méjì. Màá san owó bọ́ọ̀sì kejì fún wọn, kò ní jẹ́ ìnáwó yín rárá." Mo bi í bóyá ó ti sọ fún àwọn òbí náà ibi tí a ń lọ àti ohun tí a ń lọ wò. Ó ní ó wà nínú lẹ́tà tí òun kọ sí wọn. Mo ní kó fi owó bọ́ọ̀sì kejì ra oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun yóò rò ó wò. Kò tíì fún mi lésì, mo sì ti sanwó sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì kan.